Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Nínú Orí Ẹnì Kan Ṣoṣo

   

Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ìwé ìrántí ọdún yìí ní kí n kọ nǹkan, wọ́n rò pé ìtàn ẹgbẹ́ ni n óò kọ, tàbí ọ̀rọ̀ nípa àṣà ìgbéyàwó. Mo ní rárá o. Ọ̀rọ̀ ìtìjú kan wà tí mo ti gbé mọ́ra fún ìgbà pípẹ́, mo sì gbà pé ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Poli ìlú Kàdúná yìí ni mo ti gba dípúlómà ní 1993, mo sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1995. Ní 2016, ọ̀gá wa pè mí, wọ́n ní kí n kó orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó wà lábẹ́ ẹ̀ka wa kúrò nínú fáìlì, kí n kó wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ yàrá fáìlì ìjọba rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Eku ń jẹ ẹ́, ikán ń jẹ ẹ́, òjò sì ń kán sí i láti òkè àjà. Mo fi oṣù mẹ́jọ ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo parí rẹ̀, bí ẹ bá dárúkọ bàbá kan fún mi, kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ti lè sọ ọdún tó wọṣẹ́, ọdún tó fẹ̀yìn tì, iye tó ń gbà, àti ẹni tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọlọ́jọ́ bá dé.

Ohun tí a kó wọn sí ni wọ́n ń pè ní dátábéèsì. Ẹ máa wò ó bí àká tí àgbẹ̀ ń kó ọkà sí, ṣùgbọ́n àká tó ní yàrá púpọ̀, tí ohun kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. MySQL ni orúkọ èyí tí a lò. Ọ̀fẹ́ ni, ọ́fíìsì wa kò san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ilẹ̀ Sweden ni ó ti jáde ní 1995. Michael Widenius, ọmọ ilẹ̀ Finland tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, fi orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀, My, sọ ọ́. Nígbà tó ṣe òmíràn lẹ́yìn náà, ó fi orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ kejì, Maria, pè é ní MariaDB. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ọ́fíìsì pé òyìnbó yìí mọ iyì ọmọ bí ẹni pé Yorùbá ni.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wọ inú àká náà ló ní agbára kan náà. Akọ̀wé tó ń tẹ orúkọ lè kọ, ṣùgbọ́n kò lè pa á rẹ́. Ẹni tó ń tẹ ìwé jáde lè wò, ṣùgbọ́n kò lè kọ. Alábòójútó kan ló wà lórí gbogbo wọn, òun ni wọ́n ń pè ní root, èyí tó túmọ̀ sí gbòǹgbò. Òun ló ń fún àwọn yòókù láyè, òun ló sì lè gba àyè náà lọ́wọ́ wọn. Èmi ni mo di gbòǹgbò yẹn mú, èmi nìkan.

Ẹ wá wo páásíwọ́ọ̀dù tí mo fún un. Mo mú ọ̀rọ̀ kan nínú oríkì ilé wa, mo fi ọdún kan kún un, mo yí lẹ́tà kan padà sí òdo, mo sì fi àmì ìyanu sí i. Mo fi ń yangàn. Mo ní olè tó bá já èyí tó gbangba sùn lọ́yẹ́. N kò kọ ọ́ síbì kankan, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í sọ páásíwọ́ọ̀dù fún ènìyàn.

Ohun tí n kò rò ni pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò nílò root rárá. Orúkọ kékeré tí mo fún ara mi ni mo fi ń wọlé láràárọ̀. Ó tó ọdún méjì tí n kò pe root sí nǹkan kan. Ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ kò bá rìn mọ́, igbó ni yóò bò ó.

Ní 2019, ní ọjọ́ Ajé kan, ìwé dé láti òkè pé kí a yẹ gbogbo àwọn fẹ̀yìntì wò lójúkojú, bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tó bá yọjú, kí a kọ ọ́. Ẹni tí a kò bá kọ, owó rẹ̀ yóò dúró ná. Kò sí àyè nínú àká wa fún ohun tí a fẹ́ kọ yìí, root nìkan ló sì lè fi yàrá tuntun kún un. Mo jókòó, mo na ìka mi, mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ dáhùn pé "Access denied", ìyẹn ni pé kò sí àyè fún mi.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìka mi ló ṣì. Mo tún un tẹ̀. Ó tún kọ̀. Mo gbé àmì ìyanu síwájú, mo gbé e sẹ́yìn. Mo lo ọdún tí mo wọṣẹ́, mo lo ọdún tí mo gbéyàwó, mo lo ọdún tí wọ́n bí mi. Nígbà tí agogo mẹ́rin lù, òógùn ti bò mí nínú yàrá tí fáànù ti ń fẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ìyá mi ní Ọ̀ffà lórí fóònù. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ki mí." Wọ́n kì mí, wọ́n kì mí títí, mo di bírò mú, mò ń kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kò pẹ́ ni ohùn wọn yí padà, ẹkún gbà á. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ti rántí ilé." Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé páásíwọ́ọ̀dù ni mò ń wá? Ojú tì mí ju ti ọ́fíìsì lọ. Títí di òní, mo máa ń pè wọ́n pé kí wọ́n kì mí, n kì í sì í di bírò mú mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, kò sí àyípadà. Bàbá kan wà, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, awakọ̀ ìjọba ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá ti kọjá níwájú ọ́fíìsì wa, wọ́n á yà, wọ́n á ní, "Akọ̀wé, ṣé orúkọ mi ṣì wà nínú ẹ̀rọ?" Èmi náà á ní, "Ó wà digbí, Bàbá." Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n yà, wọ́n béèrè. Mo dá wọn lóhùn bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n n kò lè wo ojú wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta kọ̀ǹpútà sọ fún mi pé, "Yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí o tún fi òmíràn sí i." Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Mo ti ṣí ojú ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo yẹ ẹ̀dà tí mo ṣe pamọ́ wò, mo sì rí i pé ó ti pé oṣù méje. Gbogbo ohun tí a kọ láàárín oṣù méje lè lọ, pẹ̀lú orúkọ àwọn opó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rọ́pò ọkọ wọn tó kú. Mo pa á dé, mo sì dorí kodò.

Ọmọbìnrin agùnbánirọ̀ kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Èkó. Iṣẹ́ tí mo fún un kò ju kí ó máa to fáìlì lọ, nítorí mo rò pé ọmọdé ni. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Dádì. Ẹ má bínú, sà. Ó ti di ọjọ́ kẹta tí ẹ ò jẹun ọ̀sán. Ṣé kò sí?"

Mo ní, "Ọmọ mi, mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ilé."

Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. "Ti root ni, sà?"

Mo mi orí.

Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú láti rántí ẹ̀ mọ́, sà. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ò mọ̀ ọ́n."

Mo ní kí ó dìde kí ó jókòó, kí ó ṣàlàyé. Ó ní bí a bá ti fún ẹ̀rọ náà ní páásíwọ́ọ̀dù, kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ náà bí a ṣe tẹ̀ ẹ́. Á lọ̀ ọ́ kúnná, bí ẹni lọ ata, èyí tó ti lọ̀ yẹn ni yóò tọ́jú. Bí a bá padà dé lọ́la tí a tún tẹ̀ ẹ́, á tún un lọ̀ bákan náà, á fi wé èyí tó wà nípamọ́. Bí méjèèjì bá dọ́gba, á ṣílẹ̀kùn. Ta ló rí ata lílọ̀ tó padà di odindi? Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè wo inú ẹ̀rọ kó bá mi wá ohun tí mo tẹ̀ ní 2016. Ohun kan ṣoṣo tí a lè ṣe ni kí a fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ìyẹn kò sì kan orúkọ kankan nínú àká.

Mo ti fi ọjọ́ méjì wá ohun tí kò sí.

Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí a kọ́kọ́ dá MySQL dúró, kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú àká náà sórí ẹ̀rọ ìpamọ́ mìíràn, kí a sì yọ okùn tó so kọ̀ǹpútà náà mọ́ àwọn yòókù. Mo wá mú ìwé kan jáde láti inú dúrọ́ọ̀ mi, ìwé tí mo kọ ní ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan láyé ọjọ́un. Ọ̀nà tó wà níbẹ̀ ni pé kí a tan MySQL bí ẹni pé kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan lẹ́nu ọ̀nà. Ó dà bí ìgbà tí a yọ ilẹ̀kùn kúrò lára férémù: ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè wọlé, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi yọ okùn. A wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kí ó yí páásíwọ́ọ̀dù padà ní ibi tí ìwé mi wí, ó ní òun kò mọ ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Dádì, ìwé yín ti dàgbà, sà." Ó ṣàlàyé pé láti MySQL 5.7 tó jáde ní 2015 ni wọ́n ti yọ ibi tí ìwé mi ń wí kúrò, tí wọ́n sì gbé ohun tó wà níbẹ̀ lọ sí ibòmíràn. 5.7 náà sì ni èmi fúnra mi fi sí ẹ̀rọ náà. Mo ti kó lọ sí ilé tuntun, mo sì ń wá ìkòkò ní ibi tó wà nínú ilé àtijọ́.

A tún dá a dúró. Ó ṣí Notepad, ó kọ ìlà kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ALTER USER, tó sọ pé kí páásíwọ́ọ̀dù root di báyìí. Ó tọ́jú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń múra láti tan MySQL kí ó ka ìlà náà kí ó tó gba àlejò kankan wọlé. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ kan bọ́tìnì ni iná ti lọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Jẹnẹrétọ̀ wà, kò sí epo. Mo fa owó yọ nínú àpò ara mi, mo rán mẹ́séńjà. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ ni a fi jókòó nínú òkùnkùn. Ó bá mi sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀, ó ní àwọn náà jẹ́ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, ó ní wọ́n ti yọ orúkọ wọn rí nítorí àṣìṣe akọ̀wé kan, ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì fi sáré rẹ̀. Kò sọ ọ́ láti bú mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Iná jẹnẹrétọ̀ dé. A tan kọ̀ǹpútà náà, a ṣe gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Ó dá a dúró, ó tún un tàn bó ṣe yẹ, ó sì ní kí n tẹ páásíwọ́ọ̀dù tuntun. Ìka mi ń gbọ̀n. Ilẹ̀kùn ṣí. Mo pe orúkọ bàbá ará Ìlá jáde, ó wà digbí. Ohun tí ọmọ náà ṣe tẹ̀ lé e ni pé ó pa ìwé Notepad yẹn rẹ́, nítorí páásíwọ́ọ̀dù tuntun wà nínú rẹ̀ ní gbangba. Bí a bá yọ ti iná tó lọ kúrò, gbogbo iṣẹ́ náà kò tó wákàtí kan.

Mo bi í pé, "Ṣé bó ṣe rọrùn fún olè náà nìyí?"

Ó ní, "Ẹni tó bá lágbára lórí kọ̀ǹpútà yìí fúnra ẹ̀, tó sì rí àyè jókòó síwájú ẹ̀, ó lè ṣe é, sà." Mo wo ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa. Ó ti tó ọdún kan tí àgádágodo rẹ̀ ti bàjẹ́, okùn la fi ń so ó. Èmi tí mo fi oríkì ìdílé ṣe ẹ̀ṣọ́ inú, okùn ni mo fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ìta.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa. Alhaji ni wọ́n, ọmọ Zaria. Mo rò pé wọn yóò fún mi ní ìwé ìbéèrè. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá bi mí ní Haúsá pé ìgbà wo ni mo lọ sí Àbújá gbẹ̀yìn. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin náà rántí bí ọ̀nà Àbújá ṣe rí lọ́dún náà, bí àwọn ajínigbé ṣe ń ṣe. Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá gbé ọ lọ ńkọ́? Kì í ṣe pé o gbàgbé ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Gbogbo ènìyàn ló ń gbàgbé. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni pé o fi ohun gbogbo ènìyàn sínú orí ẹnì kan."

N kò ní èsì.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni a ti yí ìṣe wa padà. Ẹni méjì ló ní agbára alábòójútó, olúkúlùkù pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ti root wà nínú ẹ́ńfílópù tí a lẹ̀, tí a fọwọ́ sí lójú ibi tí a lẹ̀ ẹ́, ó wà nínú àpótí irin ọ̀gá. Bí a bá ṣí i, a ó yí i padà, a ó sì lẹ òmíràn. Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, a ń ṣe ẹ̀dà àká náà. A sì ra àgádágodo. Ọmọ agùnbánirọ̀ yẹn kò to fáìlì mọ́ títí ó fi parí ọdún rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, bàbá ará Ìlá ló síwájú ìlà. "Akọ̀wé, ṣé orúkọ mi ṣì wà?" Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún yín kì í ṣe nítorí ọ́fíìsì. Ní oṣù kejì ọdún 2000, nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ nílùú yìí, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Ìyàwó mi gbé ọmọ pọ̀n, ó fa báàgì kan yọ lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì sá. Sáàtífíkéètì wa, ìwé ilẹ̀, ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú báàgì yẹn. Ilé tí a yá jóná. Ìwé wa kò jóná. Ohun tó gbà wá ni pé òun àti èmi la jọ mọ ibi tí báàgì náà kọ́ sí.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀gá bá mi wí, mo jókòó ti ìyàwó mi, mo bi í pé, "Báǹkì mélòó ni mo ní owó sí?" Ó ní méjì. Mẹ́ta ni. Mo ní, "Ìwé ilẹ̀ Ọ̀ffà ńkọ́?" Ó ní ó wà lọ́dọ̀ mi. Ó wà lọ́dọ̀ lọ́yà. Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn báàgì yẹn, mo ti kó gbogbo ilé sínú orí mi, bí mo ṣe kó àká ìjọba síbẹ̀.

Ní 2021, ọ̀kan nínú àwọn tiwa níhìn-ín kú lójijì. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ń dún, àlàáàtì báǹkì ń wọlé, kò sì sí ẹni tó lè ṣí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo nílé. Ọjọ́ kẹta ni ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo ra ìwé kékeré méjì. Mo kọ orúkọ báǹkì sínú wọn, ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, ẹni tó jẹ mí lówó àti ẹni tí mo jẹ, nọ́ńbà àwọn ará ilé, àti ẹgbẹ́ àjẹmọ́nú tí mo wà. N kò kọ PIN sínú rẹ̀, nítorí ibi tí nǹkan wà ni ẹbí ní láti mọ̀. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyàwó mi, èkejì wà lọ́wọ́ àbúrò mi ní Ọ̀ffà. Ẹ má sì jẹ́ kí a tan ara wa: orúkọ tí a kọ sí báǹkì gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sún mọ́ wa jù kò fún ẹni náà láṣẹ láti kó owó. Báǹkì yóò béèrè ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́. Bí ẹ bá lè kọ ìwé ìpíngún, ẹ kọ ọ́. Kíkọ rẹ̀ kì í pa ènìyàn.

Bí ẹ bá ka èyí tán, ẹ pe ìyàwó yín, tàbí ọkọ yín, tàbí ọmọ yín àgbà, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta péré nípa ohun tí ẹ ní. Bí ó bá gbà á méjì nínú mẹ́ta, ẹ ṣeun. Bí kò bá gba ọ̀kan, ẹ ra ìwé kékeré.

Olódùmarè yóò dá wa sí. A kò ní fi òjijì lọ. Ilé tí a fi sílẹ̀ kò ní bàjẹ́, ibi tí a sì ń lọ yóò dára fún wa.